Ta ló sọ fún fótóónù pé à ń wò ó? Ìdáhùn sí ìbéèrè olùkọ́ físíìsì kan

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama, àwọn ọmọ SS3 ni mo ń kọ́. Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí fótóónù kan ṣoṣo, ẹyọ ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù lọ, bá wọ inú ìńtàfẹrọ́mítà, ẹ̀rọ tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà méjì tó sì ń dà wọ́n pọ̀ padà, ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá gbìyànjú láti mọ èyí tó gbà, àwọn ìlà ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn yóò pòórá. Ọmọbìnrin kan dìde, ó ní, ‘Sà, ta ló sọ fún fótóónù pé à ń wò ó?’ Mi ò rí èsì fún un. Ọmọ mìíràn ní òun rí i nínú fídíò kan pé ọkàn ènìyàn tó ń wòran ló ń yí i padà. Ohun tí mo fẹ́ bi yín rèé: bí ẹ̀rọ bá kọ ọ̀nà tí fótóónù gbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò ka àkọsílẹ̀ náà, ṣé àwọn ìlà yẹn yóò padà wá? Ṣé kò sì sí ọgbọ́n kankan tí a lè ta láti mọ ọ̀nà náà láìba ìlà jẹ́?”

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ẹ bá mi kí ọmọbìnrin yẹn dáadáa, nítorí ibi tó yẹ kí a tọ́ka sí gan-an ló tọ́ka sí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èsì kí n tó máa rò ó kalẹ̀. Rárá, àwọn ìlà náà kò ní padà wá nítorí pé ẹnikẹ́ni kò ka àkọsílẹ̀. Ọkàn ẹni tó ń wòran kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Kò sẹ́ni tó sọ fún fótóónù pé à ń wò ó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé fótóónù fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀ níbì kan, ojú ẹsẹ̀ yẹn sì ti tó láti ba ìlà jẹ́, bí ọdẹ wá wò ó, bí kò wá. Ọ̀rọ̀ “wíwò” tí àwa olùkọ́ máa ń lò ló kó àwọn ọmọ sí kòtò. Èmi náà lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ̀ pé mò ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀rọ náà wò, nítorí ọ̀pọ̀ ìdàrúdàpọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a kò ti ya àwòrán rẹ̀ dáadáa. Irú èyí tí mo ń lò ni èyí tí Ludwig Zehnder ṣàlàyé ní 1891, tí Ludwig Mach sì tún ṣiṣẹ́ lé lórí ní 1892. Orúkọ àwọn méjèèjì ló ń jẹ́ títí dòní. Gíláàsì apínmọ́lẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà: ìdajì ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á á gba inú rẹ̀ kọjá, ìdajì á ta sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdajì kọ̀ọ̀kan á rìn ní apá tirẹ̀, á kan dígí kan tó ń darí rẹ̀, àwọn méjèèjì á wá pàdé lórí gíláàsì apínmọ́lẹ̀ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, dìtẹ́kítọ̀ méjì, ẹ̀rọ tó ń ka fótóónù, ló ń dúró dè wọ́n. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní A àti B. Bí a bá to apá méjèèjì kí wọ́n dọ́gba régérégé, ìgbì tó ti apá kìíní wá àti èyí tó ti apá kejì wá á gbe ara wọn lẹ́sẹ̀ ní ìhà A, wọ́n á sì pa ara wọn rẹ́ ní ìhà B. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ á lọ sí A, òkùnkùn ni B á máa rí. Ẹ wá sún dígí kan díẹ̀, kí apá kan fi ìdajì ìgbì gùn ju èkejì lọ, ọ̀rọ̀ á yí padà: B ló máa gba gbogbo rẹ̀. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ pupa ti lésà helium-neon kò gùn ju nánómítà 633 lọ, ìdajì rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan. Bí mo bá ń sún dígí díẹ̀díẹ̀, iye tí A ń kà á máa gòkè, á máa sọ̀kalẹ̀. Ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ yìí ni mo ń pè ní ìlà nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Wàyí o, ẹ dá dígí padà sí ipò tí B kò ti rí nǹkan kan, kí ẹ fi páálí dí apá kan. Nínú fótóónù 100 tó wọlé, bíi 50 á parí sórí páálí, bíi 25 á dé A, bíi 25 á dé B. Ẹ dúró níbí dáadáa, olùkọ́. B kò rí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. A dí ọ̀nà kan, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí fótóónù. Bí fótóónù bá jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó kàn ń yan ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì, kò sí bí dídí ọ̀nà ṣe lè mú kí ohun tó ń dé ibì kan pọ̀ sí i. Ibi yìí ni mo ti máa ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sí fún odindi wákàtí kan, nítorí ẹni tí ìyàlẹ́nu yìí kò bá mú kò ní rí ìdí tí gbogbo ìyókù fi ṣe pàtàkì.

Ẹnì kan lè ní bóyá fótóónù púpọ̀ ló ń kọlu ara wọn nínú ẹ̀rọ. Iyèméjì tó dára ni. Lésà mílíwáàtì 1 ń tú fótóónù bíi bílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù 3 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n bí a bá dín in kù títí ó fi ku mílíọ̀nù 1 péré, àlàfo tó wà láàárín fótóónù kan àti èyí tó tẹ̀ lé e á tó mítà 300 ní ìpíndọ́gba, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ orí tábìlì mi kò gùn tó mítà 1. Geoffrey Taylor ti ṣe irú rẹ̀ ní Cambridge ní 1909: ó fi ìmọ́lẹ̀ tó rẹlẹ̀ gan-an ya òjìji abẹ́rẹ́, ìgbà kan wà tó fi àwòrán náà sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù 3 kí ìmọ́lẹ̀ tó tó, àwọn ìlà náà ṣì hàn ketekete. Síbẹ̀, ohun kan wà tí a kì í sábà sọ fún akẹ́kọ̀ọ́: lésà tí a dín kù kì í ṣe fótóónù ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá dín in kù títí ìtànná kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ kúkúrú tó tàn lẹ́ẹ̀kan, fi ní fótóónù 0.1 ní ìpíndọ́gba, nínú 100 ìtànná tí kò ṣófo, bíi 5 ló ṣì máa ní fótóónù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó yanjú èyí ni Philippe Grangier, Gérard Roger àti Alain Aspect, ní Orsay, ní ilẹ̀ Faransé, ní 1986. Átọ́ọ̀mù calcium ni wọ́n lò, tó máa ń tú fótóónù méjì jáde tẹ̀léra: èyí àkọ́kọ́ dà bí agogo tí a lù láti kéde pé èkejì ń bọ̀. Wọ́n gbé apínmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo síwájú ẹni tó ń bọ̀ yìí, dìtẹ́kítọ̀ kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbì lásán ló ń pín sí méjì, iye ìgbà kan wà tí méjèèjì gbọ́dọ̀ dún pọ̀, ó kéré tán. Ohun tí wọ́n rí kò tó ìdá kan nínú márùn-ún iye yẹn. Fótóónù náà kì í pín. Wọ́n wá fi apínmọ́lẹ̀ kejì sí i láti sọ ọ́ di ìńtàfẹrọ́mítà pípé, ìlà sì hàn pẹ̀lú ìmọ́gaara (bí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ìlà ṣe hàn tó) tó ju 98 nínú 100 lọ. Ohun tí kì í pín ló ń hùwà bí ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀nà méjèèjì.

Báwo la ṣe wá fẹ́ mọ ọ̀nà tó gbà? Èyí tó rọrùn jù ni ká fi àmì sí i lára. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ máa ń mì, ó lè mì lóòró, ó sì lè mì níbùú. Mo máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé mì lóòró, mo á wá fi pélébé kírísítà kan sí apá kejì, tó ń yí mímì òòró padà sí ìbú. Nípa bẹ́ẹ̀, ìgbì apá kìíní ń jáde lóòró, ti apá kejì ń jáde níbùú. Pélébé yìí mọ́ gaara, kò gbé fótóónù mì, kò sì dá a dúró. Síbẹ̀, kété tí mo bá ti fi í sí i, A àti B á di ààbọ̀ ààbọ̀. Mo lè sún dígí síwá sẹ́yìn títí di alẹ́, iye wọn kò ní yí. Ẹ kíyè sí ohun tí mi ò ṣe. Mi ò wọn òòró, mi ò wọn ìbú. Dìtẹ́kítọ̀ mi kò mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, wọ́n kàn ń ka iye ni. Kò sí kọ̀ǹpútà tó kọ ọ̀nà kankan sílẹ̀. Mo ti fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ mọ́jú láìsí ẹnikẹ́ni nínú láàbù, iye tí mo bá láàárọ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí mo rí lójú ara mi. Èsì ìbéèrè yín àkọ́kọ́ nìyẹn, láti orí tábìlì tèmi. Kì í ṣe pé ẹnì kan mọ ọ̀nà ló ba ìlà jẹ́. Pé ọ̀nà náà ti di ohun tó ṣeé mọ̀ ló bà á jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má wá rò pé gbogbo ìgbà tí ìlà bá pòórá ni fótóónù ti fi ojú ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wá ohun tó ń ba ìlà mi jẹ́. Mo nu gbogbo dígí, mo pààrọ̀ kírísítà, mo tún ẹ̀rọ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Àṣé jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ló ń gbọn ilẹ̀, tí ilẹ̀ ń gbọn tábìlì. Bí mo ṣe mọ̀ ni pé nígbà tí mo yí ìkà padà, tí mò ń kà á ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá dípò ìṣẹ́jú-àáyá kan gbáko, ìlà náà wà níbẹ̀ pẹ́pẹ́. Ó kàn ń sáré síwá sẹ́yìn ni, tí ìpíndọ́gba fi bò ó mọ́lẹ̀. Ti àmì òòró àti ìbú kò rí bẹ́ẹ̀: bí ó ti wù kí ẹ kà á yára tó, kò sí ìlà tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí mo ti ka àlàyé àwọn ènìyàn tó rí ìlà tó bàjẹ́ nítorí gbígbọ̀n, tí wọ́n sì kéde pé àwọn ti mọ ọ̀nà fótóónù.

Ìbéèrè yín kejì, bóyá ọgbọ́n kan wà, ìbéèrè àgbà ni. Einstein gbé irú rẹ̀ ka iwájú Niels Bohr, onímọ̀ físíìsì ará Denmark, ní ìpàdé àwọn onímọ̀ físíìsì tí wọ́n ń pè ní Solvay, ní Brussels ní 1927. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ tiwa sọ ọ́. Fótóónù tó bá kan dígí á tì í díẹ̀ bó ti ń yí padà. Bí a bá wọn bí dígí ṣe sún, ṣebí a ti mọ apá tó gbà, láìfi àmì kankan sí fótóónù lára? Ẹ wo bí títì náà ti kéré tó ná. Bí dígí bá wúwo tó gíráàmù 20, eré tí fótóónù pupa kan lè fún un, ní mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ kọ òdo 25 lẹ́yìn póìntì kí ẹ tó kọ 7. Ooru inú yàrá lásán ń gbọn dígí yẹn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po tó ju bílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù lọ. Ká tiẹ̀ ní a lè mú un tutù títí kò fi gbọ̀n mọ́ rárá, Bohr ní èsì tó jinlẹ̀ ju ti ooru lọ. Kí a tó lè rí títì kékeré náà, a gbọ́dọ̀ ti mọ eré tí dígí ń sá ṣáájú, kí àṣìṣe ìmọ̀ wa sì kéré ju títì náà lọ. Òfin Heisenberg wá sọ pé bí a bá mọ eré rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ibi tí dígí wà á di bàìbàì, bàìbàì náà á sì tó bíi gígùn ìgbì kan. Bí ibi tí dígí wà bá di bàìbàì tó bẹ́ẹ̀, gígùn apá náà ti di bàìbàì nìyẹn, ìlà ti lọ. Dígí tó wúwo tó sì dúró gbọin á fún yín ní ìlà, kò ní sọ ọ̀nà. Dígí tó fúyẹ́ tó lè sọ ọ̀nà kò ní fún yín ní ìlà.

Láti ibi àlàyé Bohr yìí ni àṣìṣe ńlá kan ti wọ inú ìwé púpọ̀: wọ́n ní títì ló ń ba ìlà jẹ́, pé a kò lè wo nǹkan kékeré láìfọwọ́ gbún un. Èmi náà kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n pélébé kírísítà mi kò gbún nǹkan kan. Ní Konstanz, ní Jámánì, ní 1998, Dürr, Nonn àti Rempe fi átọ́ọ̀mù rubidium ṣe é. Inú átọ́ọ̀mù náà ni wọ́n fi àmì ọ̀nà sí, pẹ̀lú ìgbì máíkírówéèfù tí títì rẹ̀ kéré jù láti ba ìlà jẹ́. Ìlà pòórá síbẹ̀. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù ni ti Zou, Wang àti Mandel ní Rochester, ní Amẹ́ríkà, ní 1991. Kírísítà méjì ni wọ́n lò, tí èyíkéyìí nínú wọn lè bí ìbejì fótóónù. Wọ́n darí Táyéwò kírísítà kìíní àti Táyéwò kírísítà kejì kí wọ́n pàdé. Wọ́n wá to ọ̀nà Kẹ́hìndé kírísítà kìíní kí ó gba inú kírísítà kejì kọjá, kó sì dà pọ̀ mọ́ ọ̀nà Kẹ́hìndé tibẹ̀ tó fi jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè sọ kírísítà tó bí i. Ìlà hàn lára Táyéwò. Wọ́n wá dí ọ̀nà Kẹ́hìndé láàárín kírísítà méjèèjì. Ìlà Táyéwò pòórá, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan Táyéwò, kò sì pọn dandan kí ẹnikẹ́ni wọn Kẹ́hìndé.

Ohun tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sára pátákó kíláàsì yín. Bí ọ̀nà méjì bá já sí òpin kan náà, tí gbogbo ayé sì rí bákan náà lẹ́yìn tí ọ̀kan tàbí èkejì bá ṣẹlẹ̀, ìgbì wọn la máa ń ṣírò pọ̀, wọ́n sì lè pa ara wọn rẹ́. Bí nǹkan kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ì báà jẹ́ mímì fótóónù, ì báà jẹ́ ipò átọ́ọ̀mù kan nínú ògiri, òpin ti di méjì. Ìṣeéṣe la máa ṣírò pọ̀ nígbà náà, ìṣeéṣe kì í sì í pa ara rẹ̀ rẹ́. Kò sí ojú, kò sí ọkàn, kò sí ìwé nínú òfin yìí.

Òfin náà kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan. Ká ní pélébé kírísítà yẹn kò yí mímì náà tán, ó yí i díẹ̀. Àmì wà, ṣùgbọ́n kò ṣe kedere. Ẹni tó bá fi àmì náà sọ ọ̀nà tí fótóónù gbà á tọ̀nà nígbà míràn, á ṣìnà nígbà míràn. Ẹni tó tọ̀nà ní ìgbà 50 nínú 100 kò mọ nǹkan kan, ó ń ta tẹ́tẹ́ ni. Bí ó bá tọ̀nà ní ìgbà 80, ìwọ̀n ìmọ̀ ọ̀nà jẹ́ 0.6, ìmọ́gaara ìlà kò sì lè ju 0.8 lọ. Bí ó bá tọ̀nà ní ìgbà 90, ìmọ̀ ọ̀nà di 0.8, ìlà di 0.6. Berthold-Georg Englert fi òfin náà hàn ní gbangba ní 1996, lẹ́yìn iṣẹ́ Greenberger àti Yasin ní 1988: ẹ fi ìmọ̀ ọ̀nà lọ́po ara rẹ̀ (0.6 lọ́nà 0.6 di 0.36), ẹ fi ìmọ́gaara ìlà lọ́po ara rẹ̀, ẹ ro wọ́n pọ̀, kò lè ju 1 lọ láé. Èmi fẹ́ràn bí ó ti rí ní òpin: ẹni tó tọ̀nà ní ìgbà 99 nínú 100 ṣì lè rí ìlà tó tó 0.2. Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí bóyá a lè mọ ọ̀nà láìba ìlà jẹ́, èsì mi ni pé ẹ lè mọ díẹ̀, kí ẹ sì pàdánù díẹ̀. Ẹ tiẹ̀ lè mọ púpọ̀ kí ìlà tó kù ṣì hàn sí ojú. Àmọ́ kò sí ẹni tó lè ní méjèèjì lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́.

Àwọn ọmọ yín á gbọ́ nípa nǹkan tí wọ́n ń pè ní píparẹ́ àmì, tí Scully àti Drühl dá lábàá ní 1982, fídíò tí ọmọ yẹn wò sì ti lè sọ pé ó ń yí ohun tó ti kọjá padà. Ẹ jẹ́ kí n tú u. Lẹ́yìn apínmọ́lẹ̀ kejì, mo lè fi pólàráísà, pélébé tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń mì ní ìhà kan ṣoṣo kọjá, síwájú dìtẹ́kítọ̀, kí ó dagun láàárín òòró àti ìbú, ní dígíríì 45. Fótóónù tó bá gba inú rẹ̀ kọjá á máa mì ní dígíríì 45, ibi yòówù kó ti wá. Àmì òòró tàbí ìbú ti parẹ́. Ìlà padà dé. Ó dà bí iṣẹ́ pidánpidán, ṣùgbọ́n ẹ ka iye rẹ̀: ìdajì àwọn fótóónù náà ni pólàráísà gbé mì. Bí mo bá yí pólàráísà sí ìhà kejì, ìlà tún máa hàn, àmọ́ ibi tó mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ṣókùnkùn. Ẹ ro ìlà méjèèjì pọ̀, ó di pẹrẹsẹ bó ti wà kí a tó fi pólàráísà sí i. Nítorí náà a kò jí ohun tó ti kú dìde. Ṣe ni a ṣa fótóónù sọ́tọ̀ sí ẹgbẹ́ méjì, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà tirẹ̀. Ní ọdún 2000, Kim, Shih, Scully àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ìbejì fótóónù ṣe é, tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí Táyéwò ti dé dìtẹ́kítọ̀ ni a tó pa àmì tó wà lára Kẹ́hìndé rẹ́. Ohun tí fídíò kì í sọ ni pé àkọsílẹ̀ Táyéwò lápapọ̀ kò ní ìlà kankan, ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Ìgbà tí a bá fi àkọsílẹ̀ Kẹ́hìndé ṣà á sọ́tọ̀ nìkan ni ìlà tó ń yọ. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí àná.

Ọ̀kan tó kù tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí àríyànjiyàn rẹ̀ ò tíì tán, ni ti Danan, Farfurnik, Bar-Ad àti Vaidman ní Tel Aviv, ní 2013. Wọ́n jẹ́ kí dígí kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀rọ máa mì díẹ̀ gan-an, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìyára tirẹ̀, bí ìlù tí olúkúlùkù ní ohùn tó yàtọ̀. Ní òpin, wọ́n tẹ́tí sí ìmọ́lẹ̀ tó jáde láti gbọ́ ohùn dígí tó bá pàdé. Wọ́n ti fi ìńtàfẹrọ́mítà kékeré kan sínú apá kan nínú èyí ńlá, wọ́n sì tò ó kí ìgbì tó ń jáde láti inú kékeré náà sí ọ̀nà àbájáde pa ara wọn rẹ́. Ẹ̀yin náà á ní ohùn dígí apá kejì nìkan ló yẹ kó dún. Ó dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohùn àwọn dígí inú kékeré náà dún pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ti dígí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìwọlé rẹ̀ àti ti ọ̀nà ìjáde rẹ̀ kò dún. Vaidman ní ibi tí fótóónù bá ti fi ojú ẹsẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ ló ti dé, bí kò tilẹ̀ sí ọ̀nà tó so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ ìta. Àwọn mìíràn ta kò ó, wọ́n ní mímì àwọn dígí náà fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ jò jáde, àti pé ìṣírò ìgbì lásán ti sọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí wọ́n wọ̀n tọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà “ó dé ibẹ̀” ń ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ojú ẹsẹ̀ ènìyàn máa ń sọ ibi tó ti rìn nítorí pé ẹsẹ̀ kan ni a mọ̀ pé ó wà ní ibì kan lẹ́ẹ̀kan. Fótóónù kò ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún wa.

Bí ọmọbìnrin yẹn bá wá bi yín pé, nígbà tí kò sí àmì kankan, tí ìlà mọ́ gaara, ọ̀nà wo gan-an ni fótóónù gbà, ẹ sọ òótọ́ fún un. Àwọn tó tẹ̀ lé David Bohm ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló gbà, tí ìgbì kan tó gba méjèèjì sì ń darí rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé Hugh Everett ní méjèèjì ni. Àwọn tó tẹ̀ lé Bohr ní ìbéèrè náà kò ní èsì. Iye tí gbogbo wọn sọ pé A àti B máa kà kò yàtọ̀ síra, nítorí náà kò sí ohun tí mo lè ṣe lórí tábìlì mi láti dá wọn lẹ́jọ́. Èmi máa ń bá àwọn Bohr lọ nínú láàbù nítorí pé ó ń jẹ́ kí n ṣọ́ra fún ohun tí mo ń sọ, àmọ́ mi ò ní fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ gbà á.

Fún kíláàsì yín, ẹ kò nílò ìńtàfẹrọ́mítà. Ẹ wá lésà pupa kékeré àti wáyà tín-ín-rín tó tó mílímítà 0.2, kí ẹ gbé wáyà náà sí ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀, kí ògiri wà ní bíi mítà 3 sí i. Ìmọ́lẹ̀ tó gba ọ̀tún wáyà àti èyí tó gba òsì á pàdé, ẹ ó sì rí ìlà lórí ògiri, tí àlàfo wọn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 1. Pólàráísà wà lójú gíláàsì kálíkúlétọ̀ tó ti bàjẹ́. Ẹ rọra ṣí i kúrò, kí ẹ fọ gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá gbé ègé méjì lé ara wọn tí ẹ sì yí ọ̀kan títí tí ibẹ̀ fi ṣókùnkùn, ẹ ti rí òòró àti ìbú yín nìyẹn. Ẹ lẹ ègé olóòró mọ́ ọ̀tún wáyà, ègé oníbùú mọ́ òsì, kí etí wọn pàdé gan-an lẹ́yìn wáyà, kí ẹ sì yí lésà náà títí tí ìhà méjèèjì fi mọ́lẹ̀ bákan náà. Ìlà á pòórá. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé èyí kì í ṣe fótóónù ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé ìgbì lásán lè ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń rí. Ti Orsay ló jẹ́ ká mọ̀ pé bí a bá ń rán an ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bákan náà ló máa rí. Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan lésà sí ojú ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọmọbìnrin yẹn wá síwájú, ẹ fún un ní ègé pólàráísà kẹta, kí ó mú un dání láàárín wáyà àti ògiri, kí ó máa yí i fúnra rẹ̀, kí ó sì kọ igun tí ìlà ti yọ sílẹ̀, pẹ̀lú igun tó ti tún pòórá.